Zobo, Ìṣápá àti Àwọn Òdòdó Tó Yẹ Kó Wọ Ìkòkò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ka ohun tí ẹ kọ lójú ìwé oúnjẹ nípa fífi òdòdó se oúnjẹ, inú wa sì dùn sí i, torí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè Ọya ló gbà pé oúnjẹ òyìnbó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìgò zobo wà nínú fìríìjì wọn. Ibì kan ló kọ wá lóminú: ibi tí ẹ ti ní kí òǹkàwé já òdòdó tó bá wù ú láyìíká ilé, kó fi ṣe abọ́ ìrẹsì lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn léwu gan-an. Àwa alásè tó ń se oúnjẹ tà ní Kubwa àti Nyanya la kọ lẹ́tà yìí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ gbé e jáde bó ṣe gùn tó, torí ìlànà oúnjẹ kì í ṣe ohun tí a ń gé sí méjì.

Ẹ wo ọgbà àwọn ilé ńláńlá ní Àbújá. Ẹ máa rí olómiòjò níbẹ̀, igi tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, tó sì tẹ orí kodò. Ẹ máa rí oleander náà, tí òdòdó tirẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun. Májèlé inú àwọn méjèèjì ń da lílù ọkàn rú, ó sì lè dá a dúró pátápátá. Ó wà nínú ewé, ó wà nínú èso, ó wà nínú òdòdó àti nínú oje tó ń sun lára ẹ̀ka. Sísè kò lè mú un kúrò, sísá gbẹ kò sì lè mú un kúrò. Allamanda, òdòdó yẹ́lò ńlá tó ń fà sórí ọgbà, máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Apíkán, tí àwọn Hausa ń pè ní zakami, máa ń da orí ènìyàn rú, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Bomubomu, tí wọ́n ń pè ní tumfafiya, kún ilẹ̀ gbígbẹ òkè Ọya bámúbámú, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sì rẹwà lójú. Oje funfun rẹ̀ lè ba ojú ènìyàn jẹ́.

Òdòdó tí wọ́n dì fún ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí náà ò gbọdọ̀ wọ ẹnu, kódà bó jẹ́ róòsì, torí oògùn kòkòrò tí wọ́n fín sí i kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fín sí ẹ̀fọ́ jíjẹ. Bí ọmọdé bá ti jẹ òdòdó tí ẹ ò mọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sì mú ẹ̀ka igi náà dání kí dókítà lè rí i. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ipá mú un bì.

Ká wá bọ́ sórí èyí tó yẹ kó wọ ìkòkò.

Ìṣápá àti zobo, igi kan náà ni. Èyí tó funfun ni àwọn ìyá wa ń sè pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Èyí tó pupa dẹ̀dẹ̀ ni zobo. Ewé rẹ̀ ni àwọn Hausa ń pè ní yakuwa, kóró rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe daddawar botso, ìyẹn irú tiwọn. Àwọn ará Sudan àti Íjíbítì ń pe ohun mímu rẹ̀ ní karkade, ní Senegal wọ́n ń pè é ní bissap, ní Mẹ́síkò wọ́n ń pè é ní jamaica, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń mu ní Mẹ́síkò sì ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Òdòdó rẹ̀ gan-an máa ń yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ á pupa, ọjọ́ kan péré ló sì ń lò kó tó rọ. Ohun tí a ń jẹ ni apó ẹlẹ́ran tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, tó yí kóró ká. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ìdí tí kóró fi máa ń wà nínú zobo ọjà, á sì mọ̀ pé bí kóró bá ti pọ̀ jù, ẹni tó ṣa á kò fara balẹ̀ yọ ọ́, owó kóró ni òun sì ń san.

Zobo tó ń wọ ọjà Wuse, Garki àti Kubwa, láti Jigawa, Kano, Katsina àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká ló ti ń wá. Ìkórè tuntun máa ń dé láti oṣù Kọkànlá lọ. Èyí tó dára máa ń pupa ṣókí, ó máa ń gbẹ àmọ́ kò ní rún wómúwómú lọ́wọ́, òórùn kíkan rẹ̀ á sì ta sí ènìyàn nímú bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú àpò. Èyí tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀ ti pẹ́. Èyí tó kún fún ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò ti pẹ́, tàbí kí kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú tín-ínrín láàárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀bu ni. Májèlé tí ẹ̀bu ń tú sílẹ̀ kì í bá omi gbígbóná lọ. Ọ̀rọ̀ kòkòrò inú ẹrù yìí kì í ṣe kékeré: ní ọdún 2017, òun ló jẹ́ kí ìjọba Mẹ́síkò dá zobo Nàìjíríà dúró fúngbà kan. Àwọn oníṣòwò kan wá ń wọ́n ọ̀tapíyapíyá sínú àpò kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí òórùn oògùn bá ti bo òórùn kíkan mọ́lẹ̀, fífọ̀ kò lè tún un ṣe.

Fún lítà mẹ́ta omi, gíráàmù 120 zobo gbígbẹ ló tó, ìyẹn bí ife mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹ kò kì mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ funfun, ẹ ṣa igi, òkúta àti kóró kúrò. Ẹ da omi tútù lé e lórí nínú asẹ́, ẹ yí i ká, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn kan máa ń rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí kan kí yanrìn lè kúrò, wọ́n á wá da omi náà nù. Àwọ̀ tó dára jù ni wọ́n dànù yẹn.

Ẹ gbé omi kaná lọ́tọ̀ pẹ̀lú jínjà tútù gíráàmù 50 tí ẹ ti gún, kànáfùrù mẹ́wàá, àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó kan tí ẹ fọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ pa iná. Ìgbà tí ẹ bá ti pa iná tán ni kí ẹ tó da zobo sí i, kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ láì fún un. Ẹ tún da lítà kan ààbọ̀ omi gbígbóná sórí gàrọ́ rẹ̀, ìyẹn zobo tó ṣẹ́kù sínú aṣọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pò ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gàrọ́ náà ti parí iṣẹ́. Ohun tó bá kù nínú rẹ̀ kò ju kíkorò lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba zobo jẹ́ ni orí iná. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á sì sè é fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n gbà pé bó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni á ṣe pupa tó. Òdì kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó fún un ní àwọ̀ pupa yẹn kò lè fara da iná fún ìgbà pípẹ́. Á kọ́kọ́ ṣú, á wá di aláwọ̀ ilẹ̀, oje tó ń fa ẹnu ro á jáde, òórùn òdòdó á sì bá èéfín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó ki, ẹ fi gíráàmù ogójì kún zobo, kì í ṣe ogójì ìṣẹ́jú kún iná.

Ẹ má lo ìkòkò àlùmíníọ̀mù, títí kan àwọn ìkòkò dúdú tí wọ́n ń rọ lábẹ́ igi. Zobo kan púpọ̀, ó máa ń jẹ ara ìkòkò, ohun tó bá jẹ sì ń bọ̀ sínú ohun mímu. Bí ẹ bá se zobo nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán: á mọ́ fénfén ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ibo ni ohun tó bó kúrò lára rẹ̀ gbà lọ? Irin tó dípẹtà náà á sọ ọ́ di dúdú. Ìkòkò stainless tàbí tánganran tí kò tíì bó ló dára.

Àwọ̀ zobo tún máa ń tú àṣírí. Bí ó bá kan ohun tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, á pupa fòò. Bí ó bá kan káún tàbí ọṣẹ, á di aláwọ̀ búlúù tàbí aláwọ̀ ewé. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rọ zobo sínú ìgò tí ẹ sì rí i tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ di búlúù nísàlẹ̀, ọṣẹ ṣì wà nínú ìgò náà, ẹ dà á nù kí ẹ tún un ṣàn. Bákan náà ni ti aṣọ: bí zobo bá dà sí agbádá funfun, ẹ má tètè fi ọṣẹ kàn án. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án léraléra, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú ibẹ̀, kí ẹ tún ṣàn án, kí ọṣẹ tó dé.

Ní ti ṣúgà, gíráàmù 200 tó fún ohun tó jáde nínú èyí tí a kà sílẹ̀ yìí. Ẹ fi í sí i nígbà tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó dùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ díẹ̀, torí òtútù fìríìjì á dín adùn rẹ̀ kù. Ẹni tí kò fẹ́ ṣúgà lè yọ kóró inú dàbínù gíráàmù 300, kó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, kó lọ̀ ọ́, kó sẹ́ ẹ sí i. Kò ní mọ́ gaara bíi ti ṣúgà, àmọ́ ó máa ń dùn lẹ́nu gan-an nígbà ìṣínu Ramadan. Oje ọ̀pẹ̀yìnbó tútù, oje jínjà tútù, tàbí yìnyín tí ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, kò gbọdọ̀ wọ inú zobo tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Ohun tútù wọ̀nyí ló ń gbé ohun tó ń mú un kan wọlé. Zobo tó wà nínú ooru Àbújá láàárọ̀ lè ti máa yọ ìfófòó kó tó di ọjọ́ kejì. Bí ọmọrí ìgò bá ta pàù nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ má gbé e fún ọmọ mu. Nínú fìríìjì, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Bí ẹ bá fẹ́ rọ ọ́ ní gbígbóná, ìgò gíláàsì ni kí ẹ lò. Ìgò rọ́bà á sún kì.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń mu zobo lójoojúmọ́, torí zobo fúnra rẹ̀ máa ń mú ìfúnpá lọ sílẹ̀. Kí aláboyún náà béèrè kó tó sọ ọ́ di mímu ojoojúmọ́.

A mẹ́nu ba kànáfùrù lókè. Òdòdó ni òun náà, òdòdó tí wọ́n já kó tó là, tí wọ́n sì sá gbẹ. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ewé òdòdó tó ká jọ roboto sí àárín ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ni wọ́n ti fa òróró rẹ̀ tán. Ẹ ju mélòó kan sínú ife omi: èyí tó dára á rì tàbí kó dúró lóòró, èyí tí wọ́n ti fa òróró rẹ̀ á dùbúlẹ̀ lójú omi. Mẹ́wàá tí a kà yẹn kì í ṣe àṣejù ìṣọ́ra. Bó bá di ogún sí ọgbọ̀n, ahọ́n á kú tipiri, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ adùn zobo mọ́.

Ìṣápá funfun wá yàtọ̀, torí kíkan ni a fẹ́ lé kúrò níbẹ̀, kì í ṣe pé a fẹ́ fà á jáde. Àwọn ìyá oníṣòwò tó ń kó ẹrù wá láti Ìbàdàn àti Ìlọrin máa ń ní i ní gbígbẹ. Ẹ mú ife mẹ́rin, ẹ ṣa á, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta torí yanrìn máa ń wọ inú ìṣẹ́po rẹ̀. Ẹ gbé lítà mẹ́ta omi kaná nínú ìkòkò tó tóbi, ẹ da ìṣápá sí i nígbà tó bá hó, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ da omi rẹ̀ nù. Ẹ tún fi omi tuntun sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù. Ẹ wá fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ fún un gírígírí títí omi ò fi ní kán mọ́. Ẹ tọ́ ọ wò. Ó yẹ kó ṣì kan díẹ̀, kó kan bí ọbẹ̀ tí wọ́n fi tòmátì tó gbó sè. Bí ó bá mú ojú ènìyàn ṣẹ́, ẹ sè é lẹ́ẹ̀kẹta.

Àwọn mìíràn máa ń fi káún sí i kí iṣẹ́ lè yá. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju bí èékánná àtàǹpàkò lọ, omi àkọ́kọ́ nìkan ni kó sì wọ̀. Káún àti kíkan ìṣápá máa ń bínú sí ara wọn: bó bá ti bọ́ sínú omi, ìfófòó á ru sókè wùù, á sì dà sórí iná. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ìkòkò tóbi, kí omi má ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bí káún bá pọ̀ jù, ìṣápá á rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ọbẹ̀ á sì máa dùn ọṣẹ, kò sí èròjà tó lè bo ìyẹn.

Ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ yọ́ epo pupa bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, ẹ din àlùbọ́sà kan àti irú ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ da ata lílọ̀ ife méjì sí i kó gbẹ. Ẹ fi omi ẹran ife méjì sí i. Ẹ̀gúsí lílọ̀ ife méjì, tí ẹ ti fi àlùbọ́sà lílọ̀ díẹ̀ pò kó ki, ni kí ẹ máa gé sínú rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ dé e, ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ̀gúsí lè di. Ìgbà yẹn ni ìṣápá, pánla àti ẹran tó wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i lórí iná kékeré, ó ti jinná. Ẹ fi iyọ̀ sí i kẹ́yìn torí pánla ní tirẹ̀ lára. Bí ẹ bá rí i pé ó ṣì kan jù lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti wà nínú ìkòkò, ẹ má sáré mú ṣúgà tàbí káún. Ẹ fi ẹ̀gúsí àti omi ẹran kún un. Ẹ má sì fi zobo pupa rọ́pò ìṣápá funfun. Ọbẹ̀ á ṣú bí aró, kíkan rẹ̀ kò sì ní lọ bọ̀rọ̀. Iyán ló yẹ ẹ́ jù lọ.

Òdòdó elégédé ni èyí tí a fẹ́ràn jù nígbà òjò, ó sì dùn wá pé ó ń ṣòfò lóko. Akọ rẹ̀ ni a ń já, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Abo rẹ̀ ní elégédé kékeré kan nídìí, ẹni tó bá já a ti já elégédé ọ̀la. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń là, tó bá di ọ̀sán á ti pa dé, oyin tàbí èèrà á sì ti há sínú rẹ̀. Ẹ fi akọ bíi mẹ́ta sílẹ̀ fún oyin lórí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣẹ́ ọ̀pá yẹ́lò àárín rẹ̀ kúrò, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ ṣàn án, kí ẹ sì fi aṣọ gbà á gbẹ dáadáa, torí omi tó bá kù lára rẹ̀ ni epo gbígbóná á fi ta sí yín lójú.

Ife ẹ̀wà kan tí ẹ bó, tí ẹ sì fi omi díẹ̀ lọ̀, tó fún òdòdó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi ata àti àlùbọ́sà sí i, ẹ pò ó títí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú rẹ̀, ẹ fi iyọ̀ sí i kẹ́yìn. Ẹ rọ ọ́ dé ìdajì òdòdó, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ẹ yí i sínú ẹ̀wà tó kù, ẹ din ín fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lórí iná ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí epo bá gbóná jù, ẹ̀yìn á pọ́n kí ẹ̀wà inú tó jinná, ẹ̀wà tútù sì máa ń da inú rú. Bí ẹ bá rọ ọ́ kún, á bẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ dín lè gé e wẹ́wẹ́ sínú gbọ̀rọ̀ tàbí miyan taushe, ọbẹ̀ elégédé àwọn Hausa, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n sọ ọbẹ̀ náà kalẹ̀. Bí ẹ bá tọ́ òdòdó tàbí elégédé kan wò tó korò gidi, ẹ tu ú dànù, ẹ má sè é. Ìkorò yẹn máa ń fa inú rírun tó lágbára.

Òdòdó zogale, ìyẹn moringa, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí kòkòrò wẹ́wẹ́ jáde, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fún un, kí ẹ sì pò ó mọ́ kulikuli lílọ̀, àlùbọ́sà, ata àti òróró díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe kwado, ẹ̀fọ́ tí àwọn Hausa ń pò mọ́ kulikuli. Ife òdòdó méjì sí ìdajì ife kulikuli ló bára mu. Kí aláboyún má jẹ ẹ́.

Híbískọ́ọ̀sì pupa ńlá tí wọ́n ń gbìn ṣọgbà ṣeé jẹ, àmọ́ kì í ṣe zobo, kò kan, kò sì ní òórùn kankan. Ewé òdòdó rẹ̀ nìkan ni kí ẹ yọ, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ tó tútù àti ọ̀pá gígùn àárín rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá títì tàbí tí olùtọ́jú ọgbà ń fín oògùn sí, ẹ jẹ́ kó máa wu ojú lásán.

Ní ti omi róòsì, èyí tí wọ́n pò mọ́ glycerin tí wọ́n ń tà nílé ìpoògùn, ti ara ni, kì í ṣe ti ẹnu. Èyí tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé ti oúnjẹ ni, tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC, ni kí ẹ rà. Ààbọ̀ ṣíbí tíì tó fún lítà kan kunun aya, ìyẹn wàrà òfìo, lẹ́yìn tó bá ti tutù. Bí ẹ bá fi í sí ohun tó ń hó, òórùn rẹ̀ á fò lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ṣíbí kan ààbọ̀, ẹni tó mu ún á ní ọṣẹ ló wà níbẹ̀.

Fún ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé ní Kuje, Gwagwalada tàbí Karu, ìṣápá kò nira láti gbìn. Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà ni kí ẹ fi kóró rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì nísàlẹ̀, kí igi kan sí ìkejì rẹ̀ jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 75. Kì í tanná títí ojúmọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú lẹ́yìn òjò, nítorí náà ẹni tó bá gbìn ín ní oṣù Kẹjọ á kórè lára igi tí kò dé orókún. Ẹ já a nígbà tí apó rẹ̀ bá ṣì rọ̀ tó sì lè ṣẹ́ kẹ̀ẹ̀ lọ́wọ́, kí kóró inú rẹ̀ tó gbó. Ẹ fi ìdí páìpù kékeré ti kóró náà jáde láti ìsàlẹ̀. Ẹ sá a sórí ẹní tó ga kúrò nílẹ̀, lábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í ṣe lẹ́bàá títì, kí ẹ sì kó o wọlé lálẹ́ torí ìrì. Kìlógíráàmù mẹ́wàá tútù kò ní fún yín ju bíi kìlógíráàmù kan gbígbẹ lọ.

Àwa ni tiyín,
Àwọn alásè Yorùbá kan ní Kubwa àti Nyanya,
Àbújá